Kòkòrò Ẹ̀wà Kì í Jẹ Bẹ́ǹṣì

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì ọdún 2004, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, àwọn ọkùnrin ìjọ wa ní Williamsville, àdúgbò kan ní Abidjan, gbé àpò ẹ̀wà mẹ́rin tó jẹ́ ti ìyá mi jáde láti inú yàrá ìkẹ́rù tó wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn. Wọ́n fi ọ̀bẹ la ìdí àwọn àpò náà, wọ́n sì da ẹ̀wà inú wọn sí gọ́tà. Omi dúdú gbé e lọ sí ìsàlẹ̀ òkè. Àwọn adìẹ sáré tẹ̀lé e. Ìyá mi jókòó sórí ilẹ̀ lásán, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síwájú bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún.

Mo dúró ní ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí. Nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, ẹni méjì péré ló mọ̀ pé ẹ̀wà náà kò jẹ̀bi ohunkóhun. Èmi ni ẹnì kìíní. Ẹnì kejì ni ó di ọ̀bẹ mú.

N kò gbàgbé nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ náà. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2003, mo wà ní troisième, kíláàsì tí a ti ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò BEPC. Misié Séraphin ló ń kọ́ wa ní sáyẹ́ǹsì. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, kì í pariwo, ṣùgbọ́n kì í gba ìkọkúkọ. Ó ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe exposé, ìyẹn iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé níwájú kíláàsì.

"Ẹ yan kòkòrò méjì tí wọ́n jẹ́ ìbátan," ó sọ, "nínú àwọn tí ìyẹ́ òkè wọn le bí èèpo. Ẹ sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé. Ẹ sọ ohun tó ń jẹ. Kí ẹ sì fi hàn mí pé ojú yín ló rí i, kì í ṣe ìwé lẹ ti dà á kọ. Ẹni tó bá ṣe é dáadáa jù ni yóò ṣojú ilé-ìwé wa nínú gbọ̀ngàn kan ní Plateau."

Plateau! Ibẹ̀ ni àwọn ilé gogoro wà, ibẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń wọ táì lọ ní àárọ̀. Láti orí òkè Attécoubé ni mo ti máa ń wò ó ní òdìkejì omi ọ̀sà. N kò tíì wọ ilé kan níbẹ̀ rí.

Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Exaucé yíjú sí mi. "Anago, tìẹ ti rọrùn! Gbé ẹ̀wà ìyá ẹ wá, ká sè é jẹ. Kòkòrò inú ẹ̀ á ṣe ẹran fún wa!"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Anago ni wọ́n ń pè wá, gbogbo àwa tí òbí wa wá láti Nàìjíríà. Wọ́n lè pe orúkọ náà kí ó dùn létí, wọ́n sì lè pè é bí ẹni tutọ́ sílẹ̀.

Précieuse tó jókòó tì mí fi ìgúnpá gún mi. Pọ́tọ̀nóófò ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Inú àgbàlá kan náà là ń gbé, ìjọ kan náà la sì ń lọ. Ó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ.

"Fi í sílẹ̀, y'a pas drap," ó sọ. Báyìí ni àwọn ọmọ Abidjan ṣe ń sọ pé kò séwu. "Mú ẹ̀wà yẹn wá lóòótọ́. Ẹnu á yà á."

Bí mo ṣe rí kòkòrò kìíní nìyẹn. Kòkòrò ẹ̀wà kò tóbi ju orí ìṣó kékeré lọ. Ó kúrú, ó ki, ó sì ní àmì dúdú lẹ́yìn. Abo rẹ̀ a lẹ ẹyin funfun mọ́ ara ẹ̀wà. Èyí tó bá yọ nínú ẹyin yóò gbẹ́ inú ẹ̀wà wọlé, yóò máa jẹ ẹ́ láti inú títí yóò fi dàgbà, kí ó tó ṣí ihò roboto kan jáde. Bí ó bá ti jáde báyìí, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ nǹkan kan mọ́ títí yóò fi kú. Kò sí ẹ̀wà ọjà tí kò ní i. Ìyá mi a máa kó ata gbígbẹ sínú àpò láti fi lé e, a sì máa fẹ́ ẹ̀wà náà kí ó tó tà á.

Mo ní láti wá ìkejì. Mo ronú kan káfíńtà wa.

Òkéwùmí ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Èjìgbò ni bíi tiwa, òun àti Adélànà bàbá mi ni wọ́n sì jọ wọ ọkọ̀ wá sí Abidjan. Nígbà tí bàbá mi kú ní ọdún 2001, òun ló kan pósí rẹ̀. A kò lè gbàgbé ìyẹn fún un. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Attécoubé, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó kọjú sí omi ọ̀sà. Lọ́dún yẹn, ìjọ wa gbé iṣẹ́ ńlá fún un: ogójì bẹ́ǹṣì fún ilé ìjọsìn tuntun. Ìrókò ni wọ́n ní kí ó fi ṣe é. Gbogbo ọmọ ìjọ ló dáwó sí i. Ìyá mi náà dá tirẹ̀.

Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan ní oṣù kọkànlá. Ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun ọ̀dà pupa rúsúrúsú sára pákó kan. Àwọn pákó tí kò tíì kùn tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wọ́n funfun bíi wàrà tó ti pẹ́ nílẹ̀. Mo gbé ọ̀kan, ó sì fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Ilé ìlagi ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́ kí ó tó kú. Mo mọ igi náà. Arèrè ni, tí àwọn ará ibí ń pè ní samba. Àwọn ihò wínníwínní wà lára rẹ̀, bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un, lẹ́búlẹ́bú tó kúnná bí èlùbọ́ sì ń dà láti inú wọn.

"Bọ̀dá, ṣé pákó bẹ́ǹṣì ìjọ nìyí?"

Ó dá búrọ́ọ̀ṣì dúró. Ọ̀dà ń kán sí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ta ló rán ẹ níṣẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, sà. Kòkòrò igi ni mo wá wá fún iṣẹ́ ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n arèrè ni èyí. Wọ́n ní ìrókò ni."

Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ Adélànà! Ojú bàbá ẹ lo gbà wá sáyé." Ó fa àga kan fún mi. "Jókòó. Kòkòrò tí o ń wá, ó pọ̀ níbẹ̀, kó o bó ṣe tẹ́ ẹ lọ́rùn. Wàá sì nílò ohun tí wàá kó o sí kí ó dùn-ún wò. N óò kan àpótí fún ẹ, oníyàrá méjì, onígíláàsì lójú, irú èyí tí wọ́n ń lò ní Plateau. Kò sí ọmọ olówó kan ní kíláàsì yín tó máa ní irú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú bá rí ní ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀bù ló ń gbé. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bọ̀dá."

Bí mo ṣe ta ẹnu mi nìyẹn. Kò sẹ́ni tó nà mí. Kò sẹ́ni tó halẹ̀ mọ́ mi. Àpótí ni mo fẹ́.

Mo ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn, nítorí òun ló bí mi nínú jù. Kòkòrò igi náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn ju ti ẹ̀wà lọ, àwọ̀ rẹ̀ sì dàbí ti igi gbígbẹ. Mo to ìgò mẹ́ta sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nínú ti kìíní, mo kó ogún kòkòrò ẹ̀wà mọ́ wẹ́wẹ́ arèrè. Nínú ìkejì, mo kó kòkòrò igi mọ́ ẹ̀wà. Nínú ìkẹta, mo kó kòkòrò igi mọ́ ègé ìrókò kan tó ti gbó, tí mo gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ bàbá mi kan ní ilé ìlagi. Mo ń kọ ohun tí mo bá rí sílẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn kòkòrò ẹ̀wà rìn kiri lórí arèrè fún ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n kú láìfi ẹnu kàn án. Kòkòrò igi kò dá ihò kan sí ẹ̀wà. Kò sì dá ọ̀kan sí ìrókò náà. Ohun tó ń wá nínú igi funfun kò sí nínú igi tó ti gbó.

Ìbátan ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀kan kì í wọ ilé èkejì, kì í sì í jẹ oúnjẹ rẹ̀. Mo kọ gbólóhùn yẹn sílẹ̀ ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kejìlá.

Láàárín àkókò kan náà, wọ́n kó àwọn bẹ́ǹṣì dé Williamsville. Ìjọ wa ní òfin kan: ẹnikẹ́ni kì í jókòó sórí àga tuntun kí wọ́n tó yà á sí mímọ́. Ẹnikẹ́ni kì í sì í ṣí i wò. Aṣọ funfun ni wọ́n fi ń bò ó. Nítorí náà ni wọ́n ṣe to ogójì bẹ́ǹṣì náà sínú yàrá ìkẹ́rù, wọ́n bò wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, wọ́n sì dá ọjọ́ ìyàsímímọ́ sí ọjọ́ kejìlélógún oṣù kejì. Bí wọ́n bá jẹ́ kí ọmọ kan ṣoṣo jókòó lé e ní oṣù Kejìlá, ọ̀rọ̀ ì bá ti yanjú.

Yàrá yẹn náà ni ẹ̀wà ìyá mi wà. Lẹ́yìn ikú bàbá mi ni ìjọ fún un láàyè níbẹ̀, òun sì ń gbá ilé ìjọsìn lárààárọ̀. Láti ìgbà tí ogun ti pín orílẹ̀-èdè tí a ń gbé sí méjì ní ọdún 2002, ẹ̀wà tó ń ti àríwá bọ̀ di ohun tí a ń fi ẹ̀bẹ̀ rà. Oṣù mẹ́ta ni ó fi ń wá àpò mẹ́rin yẹn. Gbogbo ohun tó ní ló wà nínú wọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrìnlá yẹn, Alàgbà Akíntáyọ̀ tó jẹ́ olórí wa kó àwọn èèyàn wá láti tún yàrá náà ṣe. Wọ́n ká aṣọ funfun kúrò. Alàgbà fi àtàǹpàkò tẹ etí bẹ́ǹṣì kan. Àtàǹpàkò náà wọlé. Lẹ́búlẹ́bú dà sí bàtà rẹ̀.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Òkéwùmí. Kò pẹ́ tó fi dé, ó ti ń láàgùn.

"Òkéwùmí, ṣé ìrókò tí a sanwó ẹ̀ nìyí?" Alàgbà béèrè.

"Alàgbà, kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí n rí ogun irọ́! Ìrókò ni. Ṣé ẹ ò rí àwọ̀ ara rẹ̀ ni?" Ojú rẹ̀ ń wá kiri inú yàrá. Ó rí àwọn àpò. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú kòkòrò kékeré kan tó ń rìn lórí aṣọ funfun, ó sì gbé e sókè. "Ẹ̀yin èèyàn Ọlọ́run, kí rèé? Kòkòrò rèé! Láti ibo ló ti wá? Ẹ wo ẹ̀wà níbẹ̀!"

Ìyá mi gbé ọwọ̀ lé ilẹ̀. "Òkéwùmí, kí ló dé? Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń kó ẹ̀wà sínú yàrá yìí. Ṣé ó ti jẹ ilẹ̀kùn rí? Ṣé ó jẹ òrùlé?"

"Ìgbà wo ni kòkòrò ẹ̀wà hu eyín ayùn?" Ìyá Huguette, ọ̀kan nínú àwọn akọrin wa, sọ láti ẹ̀yìn, àwọn obìnrin sì rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Alàgbà kò rẹ́rìn-ín. "Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà," ó sọ. "Ìyá Fọlákẹ́, kí ló wà nídìí bẹ́ǹṣì yìí, bí kì í bá ṣe ẹ̀wà?"

Ìyá mi wò yíká. Ó rí mi, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀. N kò lè gbàgbé bí ojú náà ṣe mọ́lẹ̀ tó.

"Fọlákẹ́! Ṣebí ìwọ lo ń sin kòkòrò nínú ìgò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti ọjọ́ yìí? Mo ní ọmọ tó ń kàwé, ẹ jẹ́ kó sọ fún yín. Wá, ọmọ mi. Ṣé kòkòrò ẹ̀wà lè jẹ igi?"

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Òkéwùmí náà yíjú, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí ti bàbá ẹni.

"Sọ ohun tí o bá mọ̀, ọmọ mi. Má bẹ̀rù. Àpótí ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, gíláàsì nìkan ló kù. Ní ọ̀la n óò gbé e wá fún ẹ."

Gbogbo ènìyàn gbọ́ ọ, wọ́n rò pé inú rere ni. Èmi ni mo mọ ohun tó ń sọ. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni exposé mi.

"N kò mọ̀," mo sọ.

"O ò mọ kí ni?" ìyá mi béèrè.

"N kò tíì dé ibẹ̀ nínú iṣẹ́ mi, mà."

Mo sọ fún ara mi pé bí Mọ́ńdè bá ti kọjá, n óò sọ òtítọ́. Ọjọ́ méjì péré. N kò mọ̀ pé wọn yóò da ẹ̀wà náà nù. Mo rò pé wọn yóò kàn kó o kúrò níbẹ̀ ni. Òkéwùmí ló ní kí wọ́n dà á sómi, ó ní bí kòkòrò náà bá wà láàyè, yóò padà wá jẹ àwọn bẹ́ǹṣì tó kù. Òun fúnra rẹ̀ ló sì la àpò.

Ó gbé àpótí náà wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè. Ó dára. Ìrókò gidi ni ó fi ṣe é.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo dúró níwájú kíláàsì. Mo fi kòkòrò ẹ̀wà hàn wọ́n nínú yàrá òsì, kòkòrò igi nínú yàrá ọ̀tún. Mo ka ohun tí mo kọ nípa ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ní ọ̀kan kì í wọ ilé èkejì, kì í sì í jẹ oúnjẹ rẹ̀. Misié Séraphin yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó ní láti ọdún mẹ́jọ tí òun ti ń kọ́ni, òun kò rí irú rẹ̀. Exaucé pàápàá pàtẹ́wọ́.

"Ta ló ní ìbéèrè?" Misié Séraphin sọ.

Précieuse na ọwọ́ sókè. Ó dìde. Kò wò mí lójú.

"Bí kòkòrò ẹ̀wà kò bá lè jẹ igi," ó sọ ní Faransé, kedere, "tí èyí tó ń jẹ igi kò sì lè jẹ ìrókò, kí ló jẹ bẹ́ǹṣì ìjọ wa?"

Misié Séraphin ní ìbéèrè dáadáa ni. Ó ń retí ìdáhùn mi. Kíláàsì ń retí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí aṣọ mi nu gíláàsì àpótí náà. Ó rò pé ojú ló ń tì mí, ó sì ní kí wọ́n tún pàtẹ́wọ́ fún mi.

Nígbà tí a jáde, Précieuse dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà.

"Adéfọlákẹ́, o burú. Vraiment, o burú. Láti àárọ̀ àná ni ìyá ẹ ò ti jẹun, èmi ni mo gbé omi fún un. Ìwọ wá ń rẹ́rìn-ín ká pẹ̀lú àpótí olè."

Mo fẹ́ gbá a létí. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ pé irọ́ ló ń pa.

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè, ọjọ́ kejìdínlógún, mo gbé àpótí náà àti ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí ilé Alàgbà Akíntáyọ̀ nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé. Mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀: ohun tí mo rí ní Attécoubé, àti ìlérí tí mo ṣe.

"Ní ọjọ́ Sátidé, o ní o ò mọ̀," ó sọ. "Lónìí o mọ̀. Èwo ni ká gbà nínú méjèèjì?"

"Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ yín ha ara bẹ́ǹṣì kan, sà. Ìrókò kì í funfun nínú."

Ó lọ. Mo tẹ̀lé e. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ha ìsàlẹ̀ bẹ́ǹṣì kan níbi tí ojú kò lè tó. Ọ̀dà ṣí. Igi funfun yọ. Ó ha òmíràn. Funfun. Inú mi ń dùn, mo rò pé ó ti parí. Mo ń retí kí ó pariwo orúkọ Òkéwùmí.

Ó fi aṣọ funfun bo bẹ́ǹṣì náà padà.

"Ìyàsímímọ́ ku ọjọ́ mẹ́rin," ó sọ. "Àwọn àgbààgbà ti gbéra láti Kòtònú. A ti pe àwọn èèyàn ńlá. Kí la fẹ́ kí wọ́n jókòó lé? Jẹ́ ká ṣe ètò yìí tán. Tó bá ti kọjá, a ó pe ìyá ẹ, a ó bẹ̀ ẹ́."

Tó bá ti kọjá. Ọ̀rọ̀ mi gan-an ló gbà lẹ́nu mi. N kò rí ẹnu fi bá a jà, nítorí èmi ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọdé ni mí. Ọkùnrin ọgọ́ta ọdún ni, ó ń di Bíbélì mú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sì ti rí igi funfun náà lójú ara rẹ̀. Títí di òní, bí mo bá rántí bó ṣe tún aṣọ yẹn bò ó, tó fà á kí ó gún régé, ara mi a máa gbóná.

Mo padà sílé, mo sì sọ fún ìyá mi. Ó ń ṣa ìrẹsì. Kò gbójú sókè.

"Mo mọ̀," ó sọ.

"Ẹ mọ kí ni, mà?"

"Mo mọ̀ pé o mọ̀. Èmi ni mo bí ẹ. Mo rí ojú ẹ nígbà tí o ní o ò mọ̀." Ó ju òkúta kékeré kan síta. "Ẹ̀wà, wọ́n lè dà á nù. Ọjà ni, mo ti pàdánù ọjà rí. Ṣùgbọ́n níwájú gbogbo wọn ni mo ti ní mo lọ́mọ tó ń kàwé."

Mo wólẹ̀, mo ń sunkún. Ó ní kí n dìde, kí n lọ pọn omi.

Wọ́n ṣe ìyàsímímọ́ ní ọjọ́ kejìlélógún. Òkéwùmí ti fi ọ̀dà dí àwọn ihò, ó sì kan igi kún ìdí àwọn tó burú jù. Wọ́n pè é jáde, wọ́n gbàdúrà fún ọwọ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò pe ìyá mi lẹ́yìn ìyẹn. Mo lọ bá Alàgbà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kìíní, ó ní àwọn àlejò kò tíì lọ tán. Nígbà kejì, ó ní kí n má ṣe da ìjọ Ọlọ́run rú.

Ní oṣù kẹta, ìgboro Abidjan dàrú, wọ́n ti ilé-ìwé fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí a padà, Misié Séraphin sọ fún mi pé wọ́n ti fagi lé ètò Plateau. Kò sẹ́ni tó lọ. Ohun tí mo torí ẹ̀ sẹ́ ìyá mi kò wáyé rárá.

Ìyá mi kò rí ohun tó lè fi ra ẹ̀wà mìíràn. Ní òpin oṣù yẹn, ó mú àbúrò mi ọkùnrin, wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sí Èjìgbò. Ó fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ìyá Huguette kí n lè ṣe ìdánwò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ní láti ṣiṣẹ́ jẹun. Mo ń ta omi inú ọ̀rá láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ní ọjà Adjamé. N kò jókòó fún BEPC lọ́dún yẹn.

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà, bẹ́ǹṣì kan ṣẹ́ lábẹ́ àwọn akọrin lákòókò ìsìn. Ìgúnpá Ìyá Huguette bó. Alàgbà Akíntáyọ̀ dìde lórí pẹpẹ. Mo ń wò ó lẹ́nu. Mo ní, ó dára, òní ni.

Ó ní ìyókù kòkòrò ẹ̀wà ọjọ́sí ló ṣe é. Ó ní kí ìjọ dáwó fún bẹ́ǹṣì tuntun. Òkéwùmí ni wọ́n tún gbé e fún.

Àwọn àgbà a máa sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Mo ti gbọ́ ọ tó. Wọn kì í sọ iye ohun tí irọ́ yóò ti jẹ ní ogún ọdún náà. Irọ́ náà dàbí kòkòrò igi. Inú igi tó funfun lábẹ́ ọ̀dà ló ń gbé, òun ló ń jẹ, kò sì wá láti ibòmíràn. Inú Òkéwùmí ló wà, inú Alàgbà ló wà, inú èmi náà ló sì wà.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹnì kan lè ṣe yín lóore lọ́la, kí ó sì fi oore náà dí yín lẹ́nu. Àpótí ni, tàbí bàtà, tàbí àyè nínú ẹgbẹ́. Ẹ ó sọ fún ara yín pé ẹ ó sọ òtítọ́ tó bá di ọ̀la. Òtítọ́ ní ọjọ́ tirẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bi yín níwájú àwọn èèyàn ni. Tí ẹ bá sọ ọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà, òtítọ́ ṣì ni, ṣùgbọ́n kò ní lè gbé ẹ̀wà kúrò nínú gọ́tà mọ́.

Ilé-ìwé alẹ́ ni mo padà lọ. Mo gba BEPC ní ọdún 2009, ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìgbà tó yẹ kí n ti gbà á. Mo fi ìwé náà ránṣẹ́ sí Èjìgbò, ìyá mi sì ránṣẹ́ padà pé mo kú iṣẹ́.

Ó kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2010. Láti ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì ọdún 2004 títí ó fi kú, kò tún pè mí kí n wá jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú ẹnikẹ́ni.